Sọ́nẹ́ẹ̀tì 18: Ẹwà Wo Ni Kò Ní Ṣá, Ta Ni Kò sì Ní Kú?

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ dárúkọ ewì ìfẹ́ òyìnbó kan ṣoṣo, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe èyí tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu: "Shall I compare thee to a summer's day?" William Shakespeare ló kọ ọ́, ìlà mẹ́rìnlá péré sì ni. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe lé e lórí kì í ju gbólóhùn méjì lọ: pé akéwì fi olólùfẹ́ rẹ̀ wé ọjọ́ kan nígbà sọ́mà, àti pé ó ní olólùfẹ́ náà kò ní kú láé. Gbólóhùn méjèèjì yìí ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Akéwì gbé àfiwé náà wò, ó rí i pé kò tó, ó sì jù ú nù. Kò sì síbi tó ti sọ pé ikú kò ní pa ẹni tó ń yìn. Ohun mìíràn ló sọ, ohun náà sì ní "bí" nínú.

Ọdún 1609 ni Thomas Thorpe gbé ìwé tí ewì yìí wà nínú rẹ̀ jáde ní London. Sọ́nẹ́ẹ̀tì, irú ewì kúkúrú onílà mẹ́rìnlá báyìí, ló wà níbẹ̀; 154 ni gbogbo wọn, tiwa yìí sì ni ìkejìdínlógún. Nọ́ńbà ni wọ́n fi dá wọn mọ̀, kò sí èyí tó ní àkọlé, nítorí náà ìlà àkọ́kọ́ tí à ń kọ bí ẹni pé àkọlé ni, ìlà àkọ́kọ́ lásán ni. Ẹni tó bá já Sọ́nẹ́ẹ̀tì 18 jáde, tó kà á lóun nìkan, yóò pàdánù ohun pàtàkì kan. Láti 1 dé 17, ẹnu ọ̀rọ̀ kan náà ni akéwì wà: ó ń rọ ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan pé kó lọ gbéyàwó, kó bímọ, kí ẹwà rẹ̀ má bàa bá a wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ tí àwa náà ń sọ ni: iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní Sọ́nẹ́ẹ̀tì 16, akéwì tiẹ̀ pe ewì ara rẹ̀ ní àgàn. Ó ní ọmọ bíbí sàn jù ú lọ. Nígbà tó di ìparí 17, ó ti ń pa méjèèjì pọ̀: bí ẹ bá ní ọmọ láyé nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ óò wà láàyè, nínú ọmọ yẹn àti nínú ewì mi. Ká tó ṣẹ́jú, a ti dé 18, ọ̀rọ̀ ọmọ ti pòórá. Ewì tó pe ara rẹ̀ ní àgàn ní sọ́nẹ́ẹ̀tì méjì sẹ́yìn ló wá ń ṣèlérí ìyè.

Sọ́mà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn

Ohun tó kọ́kọ́ ń dí Yorùbá lọ́wọ́ nínú ewì yìí ni ọ̀rọ̀ "summer" fúnra rẹ̀. Bí a bá tú u sí ẹ̀ẹ̀rùn, ewì ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn ni eruku, kànga gbígbẹ, koríko tó ti gbẹ, ooru tí kì í jẹ́ kí ọmọ sùn lóru. Ta ni yóò fi ìyẹn yin olólùfẹ́? Ní England, òdìkejì ni. Lóṣù Kejìlá, nǹkan bíi wákàtí 8 péré ni ojú ọjọ́ fi ń mọ́lẹ̀ ní London. Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti lé ní wákàtí 16. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí 1. Igi tó ti wà níhòòhò látìgbà òtútù á ti rúwé, òdòdó á ti tanná, ooru rẹ̀ kò sì ju ohun tí ara ń fẹ́ lọ lọ́pọ̀ ọjọ́. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé níbẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí oòrùn bá yọ dáadáa, ńṣe ni gbogbo ìlú máa ń tú síta. Ohun tó sún mọ́ ọn jù nílẹ̀ wa ni ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí eruku sùn, tí gbogbo nǹkan tutù yọ̀yọ̀. Sọ́mà ni mo máa pè é nínú àlàyé yìí, kó má bàa dà rú.

Pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn, ìbéèrè ìlà kìíní á yé ni: ṣé kí n fi ọ́ wé ọjọ́ kan nígbà sọ́mà? Ìbéèrè pèsìjẹ ni, akéwì kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kó tó dáhùn. Ìlà kejì: o lẹ́wà jù ú lọ, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ sì ju tirẹ̀ lọ. "Temperate" ni ọ̀rọ̀ tó lò fún ìkejì, ọ̀rọ̀ náà sì ní ẹsẹ̀ méjì. Bí ó bá jẹ́ ti ojú ọjọ́, ó jẹ́ èyí tí kò gbóná jù, tí kò tutù jù. Bí ó bá jẹ́ ti ènìyàn, ó jẹ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tí ìbínú tàbí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kì í gbé lọ. Àwa tí a máa ń sọ pé ìwà lẹwà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lára wa, nítorí nínú gbogbo ìlà mẹ́rìnlá, ohun méjì yìí nìkan ni akéwì sọ tààrà nípa ẹni tó ń yìn: ẹwà kan, ìwà kan.

Àwọn ẹ̀sùn tó fi kan sọ́mà

Láti ìlà 3 dé 8, kò mẹ́nu kan olólùfẹ́ mọ́ rárá. Ẹ̀sùn sọ́mà ló ń tò.

Ìkínní, afẹ́fẹ́ líle máa ń mi àwọn ìrudí òdòdó oṣù Karùn-ún tìtì. Ẹni tó bá mọ England òde òní lè béèrè pé báwo ni oṣù Karùn-ún ṣe di sọ́mà. Kàlẹ́ńdà ló fà á. Kàlẹ́ńdà Julian ni England ń lò nígbà ayé Shakespeare, wọn kò sì pa á tì títí di ọdún 1752. Ọjọ́ 10 ló fi wà lẹ́yìn èyí tí à ń lò lónìí, nítorí náà ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún tiwọn bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà tiwa. Ẹnu ọ̀nà sọ́mà ni oṣù Karùn-ún wà lóòótọ́.

Ìkejì, ìwé ilé tí sọ́mà gbà, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kúrú jù. "Lease" àti "date" ni àwọn ọ̀rọ̀ tó lò, ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ni méjèèjì. Ẹ fojú inú wo sọ́mà bí ayálégbé: ó gba ilé fún oṣù mélòó kan, ó tún un ṣe, ó kùn ún lọ́dà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni ín. Bí ọjọ́ bá pé, lanlọ́ọ̀dù yóò kan ilẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá ka "date" sí ọjọ́ lásán, kò tọ́. Ọjọ́ tí àdéhùn parí ló túmọ̀ sí níbí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé gbígbà yìí sọ́kàn, nítorí ó ń padà bọ̀.

Ìkẹta, ojú sánmà nígbà mìíràn máa ń gbóná jù. Oòrùn ni "eye of heaven" ń tọ́ka sí. Ọ̀run tí Ọlọ́run wà kọ́. Ìkẹrin, ìkùukùu sábà máa ń bo àwọ̀ wúrà oòrùn náà mọ́lẹ̀. Akéwì ti sọ oòrùn di ènìyàn tó ní ojú àti àwọ̀ ara, nítorí náà "his" tó wà nínú ìlà 6, oòrùn ló ni ín. Mo rí i pé ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń ṣì í gbé, tí wọ́n á ní olólùfẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ìlà 7 ló wá fi òfin tó kan ohun gbogbo lélẹ̀: gbogbo ohun tó lẹ́wà ni yóò bọ́ kúrò nínú ẹwà rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ kan náà, "fair", ló sọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìlà kan. Ìlà 8 sọ ohun tó ń fà á: bóyá àgbákò tí ẹnikẹ́ni kò retí, bóyá bí ayé ṣe ń yí, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. "Untrimm'd" ní ìparí ìlà náà ni pé wọ́n bọ́ ọ̀ṣọ́ kúrò lára rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n já ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bí ewì bá parí síbí, ewì ìbànújẹ́ ni ì bá jẹ́, olólùfẹ́ náà ì bá sì wà lára àwọn tí òfin yìí dè, nítorí arẹwà ni òun náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

"But" ni ìlà 9 fi bẹ̀rẹ̀. Lórí "ṣùgbọ́n" kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ewì ti ń yí, bí ilẹ̀kùn lórí ìdè rẹ̀. Ó ní: ṣùgbọ́n sọ́mà tìrẹ, tó jẹ́ ti ayérayé, kò ní ṣá. Ó yẹ kí èyí ya ènìyàn lẹ́nu. Ìlà mẹ́fà gbáko ló fi wádìí pé sọ́mà kì í pẹ́, ó wá so "ayérayé" mọ́ ọn lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni "summer" jáde nínú ewì, ní ìlà 1, 4 àti 9, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó dára, ayálégbé tí àkókò rẹ̀ kúrú, àti nígbẹ̀yìn, sọ́mà kan tí kò sí irú rẹ̀ ní England tàbí níbikíbi. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé akéwì lo àfiwé tààrà ti rí ìlà 1 nìkan. Láti ìlà 9, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ la wà nínú rẹ̀: olólùfẹ́ kò jọ sọ́mà mọ́, ó ti ní sọ́mà tirẹ̀ nínú.

Ìlà 10 ní kò ní pàdánù ìní ẹwà "thou ow'st". Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ní gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, "owe" lè túmọ̀ sí "ní", kì í ṣe "jẹ gbèsè" nìkan. Ẹwà tí o ní ni ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ẹ má gbàgbé ilé gbígbà: ayálégbé ni sọ́mà nínú ìlà 4, ìwọ ní tìrẹ ni onílé nínú ìlà 10. Ìtumọ̀ gbèsè náà sì ń dún lábẹ́lẹ̀, nítorí ẹwà ara gbogbo wa, à ń padà dá a fún ẹni tó yá wa ni.

Ìlà 11: Ikú kò ní fọ́nnu pé o ń rìn kiri nínú òjìji òun. Ìfohunpènìyàn ni, kò sì ṣòro fún Yorùbá láti gbà pé Ikú lè fẹnu sọ̀rọ̀. Òǹkàwé ìgbà náà yóò gbọ́ Sáàmù 23 nínú rẹ̀, àfonífojì òjìji ikú. Ṣùgbọ́n nínú Sáàmù, Olúwa ló wà pẹ̀lú ẹni tó ń rìn. Nínú ewì yìí, Olúwa kò sí, ìgbàlà kò sí, àjíǹde kò sí. Àìkú tí akéwì ń sọ kì í ṣe ti onígbàgbọ́, ẹni tó bá fi ti onígbàgbọ́ túmọ̀ rẹ̀ ti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Kí ló wá wà níbẹ̀? Ìlà 12, tí mo kà sí ìlà tó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀: "When in eternal lines to time thou grow'st." Nígbà tí o bá ti di ara àkókò nínú àwọn ìlà ayérayé. "Lines" jẹ́ ìlà ewì. Ó tún jẹ́ ìran, bàbá sí ọmọ sí ọmọ-ọmọ, nítorí náà ìran ọmọ tí Sọ́nẹ́ẹ̀tì 1 sí 17 ń bẹ̀bẹ̀ fún ti di ìran ọ̀rọ̀. Ó tún lè jẹ́ okùn. Ìyẹn ló bá "grow" mu: àwọn tó ń tọ́jú ọgbà eléso máa ń gé ẹ̀ka igi kan, wọ́n á dè é mọ́ ìdí igi mìíràn, títí omi ara igi méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Sọ́nẹ́ẹ̀tì 15 ti lo iṣẹ́ yìí ní gbangba. Nínú 18, ìdí igi náà ni Àkókò fúnra rẹ̀. Àkókò tó ń pa gbogbo arẹwà ni akéwì lọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mọ́, kó lè máa mu nínú omi rẹ̀. Bí Àkókò bá ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka náà ń dàgbà. Ọgbọ́n tó wà nínú èyí ga.

"Bí" tí àwọn ènìyàn ń fò

Ìlà méjì ìparí nìyí bí mo ṣe tú u: níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì ń mí, tí ojú bá ṣì ń ríran, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí yóò wà láàyè, èyí yóò sì máa fún ọ ní ẹ̀mí. Ní gẹ̀ẹ́sì, ìlà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ 10 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sílébù 1. Lẹ́yìn "temperate", "complexion" àti "possession", akéwì wá ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké rìn, bí ẹni tó ń kan ìṣó. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ ọ.

"This" lẹ́ẹ̀mejì ni ewì tó wà lọ́wọ́ rẹ. Òun ni yóò wà láàyè. Olólùfẹ́ ń gba ìyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ewì náà sì ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń mí àti ẹni tó ń ríran, ìyẹn òǹkàwé. Èémí fún kíkà sókè, ojú fún kíkà sínú. "Bí" náà nìyí: bí kò bá sí ẹni tó kà á mọ́, gbogbo ìlérí náà parí. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ "eye": nínú ìlà 5 ojú sánmà ni, ìkùukùu sì ń bò ó, nínú ìlà 13 ojú ènìyàn ni, òun ló sì wá gba iṣẹ́ tí oòrùn kò lè ṣe.

Nípa ìrísí rẹ̀, díẹ̀ tó láti mọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní sílébù 10, fífúyẹ́ kan àti wíwúwo kan, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìró ìparí ìlà ń pàdé ara wọn ní ìlà 1 pẹ̀lú 3, 2 pẹ̀lú 4, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 12. Ìlà 13 àti 14 wá so mọ́ra. "Temperate" àti "date" kò fi bẹ́ẹ̀ dún pọ̀ mọ́ lẹ́nu gẹ̀ẹ́sì òde òní, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé akéwì ṣì í.

Ta ni ẹni náà?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé obìnrin ni. Àwọn onímọ̀ ní Sọ́nẹ́ẹ̀tì 1 sí 126, ọkùnrin ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n nínú Sọ́nẹ́ẹ̀tì 18 nìkan, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ pé akọ ni tàbí abo: "his" méjèèjì tó wà níbẹ̀, oòrùn ló ni ọ̀kan, Ikú ló ni èkejì. Ibi tí ewì náà jókòó sí, lẹ́yìn mẹ́tàdínlógún tó ń bá ọkùnrin wí, ni wọ́n fi ń mọ̀. Yorùbá ni èdè tó lè gbé e láìfi nǹkan kan kún un, nítorí "ìwọ" àti "ó" kì í sọ akọ tàbí abo.

Èdè wa tún ràn wá lọ́wọ́ lórí "thee". Ní Sọ́nẹ́ẹ̀tì 15, 16 àti 17, "you" ni akéwì ń pe ẹni yìí, bí à ń ṣe lo "ẹ". Ní 18, ó di "thou", tó bá "ìwọ" mu. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti pàdánù ìyàtọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ òǹkàwé rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó bá ń tú sọ́nẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí sí Yorùbá gbọ́dọ̀ yí "ẹ" padà sí "o" níbí, nítorí ọ̀rọ̀ ti sún mọ́lé.

Ohun kan ni akéwì kò fún wa: ojú ẹni náà. Kò sí àwọ̀ irun, kò sí ẹyinjú, kò sí ìdúró, kò sí ìrìn. Ayàwòrán kò lè rí nǹkan kan fà yọ níbẹ̀. Kò sì sí orúkọ. Ní Sọ́nẹ́ẹ̀tì 81, akéwì ṣèlérí pé orúkọ olólùfẹ́ yóò ní ìyè àìnípẹ̀kun, kò sì dárúkọ náà níbì kankan nínú 154. Oríkì wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì náà ń bá ikú du ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ ló fi ń dì í mú: ọmọ ta ni, ará ibo ni, kí ni bàbá rẹ̀ ṣe. Ohun tí Sọ́nẹ́ẹ̀tì 18 gbà lọ́wọ́ ikú ni pé ẹnì kan fẹ́ràn ẹnì kan tó báyìí. Àwọn kan ní ẹni náà ni Henry Wriothesley, Earl (oyè ìjòyè kan ní England) ti Southampton. Àwọn mìíràn ní William Herbert, Earl ti Pembroke. Lẹ́tà W.H., tí Thorpe fi dúró fún orúkọ ẹni tó ya ìwé náà sí níwájú rẹ̀, ni wọ́n ń gbé kiri, kò sì tíì sí ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ewì náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yè é. Ní ọdún 1640, ọdún 24 lẹ́yìn ikú Shakespeare, John Benson tún àwọn sọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ̀. Ó pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, ó fún wọn lákọlé, ó sì fi mẹ́jọ sílẹ̀. Sọ́nẹ́ẹ̀tì 18 wà lára àwọn mẹ́jọ náà. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀dà Benson ni ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé ń tẹ̀lé, títí Edmond Malone, onímọ̀ nípa iṣẹ́ Shakespeare, fi padà sí ìwé 1609 ní ọdún 1780. Nínú ìwé 1609 yẹn, ẹ̀dà 13 ló ṣẹ́kù láyé.